Bí A Ṣe Ń Fi Ètò Ìyàwòrán Orí Kọ̀ǹpútà Wọn Ojú Ohun: Ẹ̀kọ́ fún Oníṣẹ́ Ọwọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Oníbàárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí yóò kun táńkì omi ní láti mọ bí ojú táńkì náà ti fẹ̀ tó kí ó tó ra ọ̀dà. Ẹni tí yóò kan òrùlé ní láti mọ bí ojú òrùlé náà ti fẹ̀ tó kí ó tó ra páànù. Bí ìwọ̀n bá dín, iṣẹ́ yóò dúró láìparí. Bí ìwọ̀n bá lé, owó oníbàárà yóò ṣòfò, èdè-àìyedè yóò sì wọ àárín òun àti oníṣẹ́.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé, wẹ́ldà àti ọ̀dọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń fi kọ̀ǹpútà ya ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin tàbí pákó. Kọ̀ǹpútà kan náà yìí lè sọ ìwọ̀n ojú ohun náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ohun kan dájú: iye tí kọ̀ǹpútà bá sọ lè péye pátápátá, síbẹ̀ kí ó ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìdí ni pé gbogbo ojú tí ó wà lára ohun náà ni kọ̀ǹpútà ń kà. Kò mọ èyí tí a fẹ́ kùn, kò sì mọ èyí tí a kò ní kùn. Ènìyàn ni ó mọ ìyẹn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ojú ohun lórí kọ̀ǹpútà, àti bí oníṣẹ́ pẹ̀lú oníbàárà ṣe lè yẹ iye náà wò kí owó tó kúrò lápò.

Kí ni à ń pè ní ìwọ̀n ojú?

Gbogbo ohun tí ó ní òòró, ìbú àti gíga ni ó ní ojú. Páálí ìṣáná ní ojú mẹ́fà. Agolo mílíìkì ní ojú mẹ́ta: òkè, ìdí, àti ara tí ó yí i ká. Bọ́ọ̀lù ní ojú kan ṣoṣo. Bí a bá wọn ojú kọ̀ọ̀kan tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ náà ni ìwọ̀n ojú ohun náà.

Mítà onígun mẹ́rin ni a fi ń wọn ojú, ìyẹn ni ojú pẹlẹbẹ tí òòró rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà kan. Kí á má ṣe fi ìwọ̀n ojú pe ìwọ̀n àyè inú. Ìwọ̀n àyè inú ni ó ń sọ iye omi tí táńkì lè gbà. Ìwọ̀n ojú ni ó ń sọ iye ọ̀dà tí yóò bo táńkì náà. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Syracuse ní erékùṣù Sicily, fi hàn pé bí a bá gbé bọ́ọ̀lù sínú agolo tí ó bá a mu rẹ́gí, tí bọ́ọ̀lù náà sì kan òkè, ìdí àti ara agolo, ìwọ̀n ojú bọ́ọ̀lù náà yóò jẹ́ ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ojú agolo. Títí di òní, òfin yìí wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é

Ètò ìyàwòrán ohun líle kì í tọ́jú ohun tí a yà bí ẹni tọ́jú fọ́tò. Àkọsílẹ̀ ni ó ń tọ́jú: ó kọ ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó kọ etí tí ó yí ojú náà ká, ó kọ igun tí àwọn etí ti pàdé, ó sì kọ bí gbogbo wọn ṣe so mọ́ra. Nígbà tí a bá béèrè ìwọ̀n ojú, ètò náà yóò mú àwọn ojú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ rọrùn láti ṣírò. Èyí tí ó tẹ̀ bí ara agolo tàbí bí ikòkò, ètò náà yóò pín in sí wẹ́wẹ́ nínú ìṣirò rẹ̀, yóò wọn wọ́n, yóò sì rò wọ́n pọ̀ títí àṣìṣe yóò fi kéré dé ibi tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Nítorí náà, àṣìṣe ńlá kì í sábà wá láti inú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Láti inú ohun tí a yà, tàbí ohun tí a béèrè, ni ó máa ń wá.

Àpẹẹrẹ: táńkì omi onírin

Ẹ jẹ́ kí á fi táńkì omi kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó rí bí agolo ńlá. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 0.75, èyí túmọ̀ sí pé bí a bá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti etí kan dé èkejì, a ó rí mítà 1.5.

Ètò tí a ó lò ni FreeCAD. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Láti ọdún 2002 ni ó ti wà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ sì jáde. Ìgbésẹ̀ tí a ó gbé nìyí:

1. Ẹ ṣí FreeCAD, ẹ dá fáìlì tuntun sílẹ̀, kí ẹ sì yan Part nínú àkójọ àwọn ibi iṣẹ́.

2. Ẹ tẹ àmì Cylinder. Ohun tí ó rí bí agolo yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà.

3. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ ọwọ́ òsì, kí ẹ lọ sí apá Data. Níwájú Radius, ẹ kọ 750 mm. Níwájú Height, ẹ kọ 2000 mm.

4. Ẹ lọ sí View, lẹ́yìn náà Panels, kí ẹ sì yan Python console. Ibi tí a ti ń kọ àṣẹ yóò ṣí nísàlẹ̀.

5. Ẹ kọ àṣẹ yìí, kí ẹ sì tẹ Enter: App.ActiveDocument.Cylinder.Shape.Area

Iye tí yóò jáde yóò súnmọ́ 12959069.7. Mìlímítà onígun mẹ́rin ni iye náà, nítorí mìlímítà ni FreeCAD fi ń ṣírò nínú ara rẹ̀. Bí a bá pín in sí mílíọ̀nù kan, a ó rí mítà onígun mẹ́rin 12.96.

Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan, àṣẹ tí a ó kọ nìyí: [f.Area for f in App.ActiveDocument.Cylinder.Shape.Faces]. Iye mẹ́ta ni yóò jáde. Ara tí ó yí táńkì ká jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 9.42. Òkè jẹ́ 1.77, ìdí náà sì jẹ́ 1.77. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ àṣẹ lè lo irinṣẹ́ Measure tí ó wà nínú ẹ̀dà 1.0: bí ó bá tẹ ojú kan, ìwọ̀n ojú náà yóò hàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ohun tí ó rí bí agolo, a ó fi 2 sọ 3.1416 di púpọ̀, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àárín dé etí, lẹ́yìn náà pẹ̀lú àròpọ̀ gíga àti ìwọ̀n àárín dé etí. Ìyẹn ni 2 × 3.1416 × 0.75 × 2.75. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 12.96. Ohun tí kọ̀ǹpútà sọ àti ohun tí bébà sọ bára mu.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: táńkì tí inú rẹ̀ ṣófo

Ohun tí a yà lókè yìí kò tíì di táńkì. Inú rẹ̀ kún bí ìtì igi. Wẹ́ldà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ya nínípọn irin náà pẹ̀lú, nítorí pé ó fẹ́ mọ iye irin tí yóò rà. Ká ní irin náà nípọn tó mìlímítà 5. Yóò ya agolo kejì tí Radius rẹ̀ jẹ́ 745 mm, tí Height rẹ̀ jẹ́ 1990 mm, yóò sì gbé e sókè ní mìlímítà 5 nípa kíkọ 5 mm síwájú z nínú Placement. Lẹ́yìn náà, yóò yan agolo ńlá, yóò yan agolo kékeré tẹ̀ lé e, yóò sì tẹ Cut. Ètò náà yóò yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó tóbi.

Bí a bá wá béèrè ìwọ̀n ojú táńkì yìí pẹ̀lú App.ActiveDocument.Cut.Shape.Area, iye tí yóò jáde yóò súnmọ́ 25761531, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 25.76. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe. Ó ka ojú òde tí ó jẹ́ 12.96, ó sì ka ojú inú tí ó jẹ́ 12.80, nítorí pé ojú ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kun inú táńkì omi pẹ̀lú ọ̀dà tí a fi ń kun òde? Omi mímu ni yóò wà níbẹ̀. Síwájú sí i, ìdí táńkì yóò jókòó lórí pèpéle kọnkéré, ọ̀dà kò ní dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí pèpéle ni a ó ti kùn ún, ojú tí ọ̀dà yóò kàn ní tòótọ́ ni ara àti òkè nìkan: 9.42 àti 1.77, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 11.19.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí lójú owó. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sára agolo ọ̀dà pé lítà kan yóò bo mítà onígun mẹ́rin 10, tí ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó sì kun táńkì náà. Ẹni tí ó lo 25.76 yóò béèrè owó ọ̀dà lítà 5.15. Ẹni tí ó lo 12.96 yóò béèrè owó lítà 2.59. Ẹni tí ó lo 11.19 yóò béèrè owó lítà 2.24. Táńkì kan náà ni, kọ̀ǹpútà kan náà ni, kò sì sí èyí tí ó parọ́ nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí a bi kọ̀ǹpútà ni ó yàtọ̀. Bí táńkì bá jẹ́ ẹyọ kan, ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré. Bí ó bá jẹ́ ogún táńkì fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ọjà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye àkọ́kọ́ àti iye ìkẹyìn yóò lé ní lítà 58.

Mìlímítà, mítà àti ẹsẹ̀ bàtà

Àṣìṣe kejì tí ó wọ́pọ̀ wà nínú ìyípadà ìwọ̀n. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mìlímítà 1,000 ni ó wà nínú mítà kan. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè pín ìwọ̀n ojú sí 1,000, kí ó rò pé ó ti di mítà onígun mẹ́rin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú tí òòró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,000, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1,000, ní mìlímítà onígun mẹ́rin mílíọ̀nù kan nínú.

Bákan náà ni ẹsẹ̀ bàtà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ń lò. Mítà kan súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 3.28. Ṣùgbọ́n mítà onígun mẹ́rin kan súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10.76, nítorí pé 3.28 ni a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ojú òde táńkì wa tí ó jẹ́ 12.96 yóò di ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 139.5. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 3.28 yóò rí 42.5, ọ̀dà rẹ̀ kò sì ní tó ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà.

Ohun méjì tí a so pọ̀

Ká ní a ya àpótí méjì tí òòró, ìbú àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mítà kan. Ìwọ̀n ojú àpótí kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 6. Bí a bá gbé ọ̀kan lé èkejì, tí a kàn kó wọn jọ láìlẹ̀ wọ́n pọ̀, ètò náà yóò sọ pé 12 ni. Bí a bá lo àṣẹ Union tí ó ń sọ ohun méjì di ọ̀kan, yóò sọ pé 10 ni, nítorí pé ojú méjì tí ó fara kan ara wọn ti pòórá sínú.

Èwo ni ó tọ́? Iṣẹ́ ni yóò sọ. Bí a ó bá kọ́kọ́ kun àwọn àpótí náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó tò wọ́n, 12 ni. Bí a ó bá tò wọ́n kí a tó kùn wọ́n, 10 ni, bí a bá sì yọ ìdí tí ó wà nílẹ̀ kúrò, 9 ni. Ẹni tí ó ń ṣe àga, kọ́bọ́ọ̀dù tàbí géètì onírin ní láti ronú lórí èyí, nítorí pé ohun tí ó ní ẹyà púpọ̀ ní ojú púpọ̀ tí ó fara pamọ́ síbi tí a ti so wọ́n pọ̀.

Òrùlé: ojú tí àwòrán pẹlẹbẹ kì í fi hàn

Nínú àpẹẹrẹ táńkì, iye tí ó pọ̀ jù ni ó ń ṣi ni lọ́nà. Ní ti òrùlé, iye tí ó kéré jù ni. Ká ní ilé kan wà tí òrùlé rẹ̀ bo ilẹ̀ tí òòró rẹ̀ jẹ́ mítà 12, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Bí a bá wọ̀n ọ́n lórí àwòrán pẹlẹbẹ, ìyẹn àwòrán tí a yà bí ẹni pé a wà lókè tí a ń wo ilé náà nísàlẹ̀, a ó rí mítà onígun mẹ́rin 120.

Ṣùgbọ́n òrùlé kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dagun kí òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá ní apá méjì, tí apá kọ̀ọ̀kan sì dagun ní ìwọ̀n dígírì 30, ìbú apá kọ̀ọ̀kan kì í ṣe mítà 5 mọ́, ó ti di mítà 5.77. Bí a bá ya òrùlé náà bí ohun líle lórí kọ̀ǹpútà, tí a sì wọn ojú òkè méjèèjì, a ó rí mítà onígun mẹ́rin 138.56. Ẹni tí ó ra páànù fún 120 yóò rí i pé páànù tí yóò bo mítà onígun mẹ́rin 18.56 kò sí nílẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí òjò ti ṣú.

Ohun méjì kan kù tí ó yẹ kí á kíyè sí. Àkọ́kọ́, bí a bá fún òrùlé náà ní nínípọn nínú àwòrán, ìwọ̀n gbogbo ojú rẹ̀ yóò ka abẹ́ òrùlé àti etí rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ojú òkè nìkan ni kí á tẹ̀ kí á tó wọ̀n ọ́n. Èkejì, páànù kan máa ń gun orí òmíràn níbi tí wọ́n ti pàdé. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí. Káfíńtà tí yóò kan òrùlé náà ni yóò sọ iye tí a ó fi kún un.

Nígbà tí ohun tí a yà jẹ́ àwọ̀n onígun mẹ́ta

Kì í ṣe gbogbo fáìlì ni ó ní ojú tí ó tẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn fáìlì tí a fi ń tẹ ohun jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olóhun líle, irú bí STL, àti àwọn tí a rí láti ọwọ́ ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán ohun káàkiri, jẹ́ àkójọ àwọn ojú kéékèèké onígun mẹ́ta tí a so pọ̀ bí àwọ̀n. Ara agolo kì í rí róbótó nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ púpọ̀ ni ó ní.

Bí ara táńkì wa bá di ẹ̀gbẹ́ 12, ìwọ̀n ojú rẹ̀ yóò jẹ́ 9.32 dípò 9.42; ó fi nǹkan bí ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Bí ó bá di ẹ̀gbẹ́ 36, ohun tí ó dín kò ju nǹkan bí ìdá 0.13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, bí ojú onígun mẹ́ta bá ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì fara mọ́ ara ohun náà dáadáa, ni iye náà ṣe ń súnmọ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n pípọ̀ nìkan kò tó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Hermann Schwarz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, fi hàn pé bí a bá to àwọn ojú onígun mẹ́ta sí ara agolo lọ́nà tí wọ́n fi ká wọlé ká jáde bí bébà tí a ṣẹ́ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ìwọ̀n ojú wọn lè máa ga sí i láìdúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo igun wọn wà lára agolo náà. Ẹni tí ó bá ní fáìlì ohun líle gidi lọ́wọ́, òun ni kí ó wọ̀n dípò àwọ̀n.

Bí ó ti rí nínú àwọn ètò mìíràn

Ẹni tí ó ń lo AutoCAD yóò kọ àṣẹ AREA, yóò yan Object, yóò sì tẹ ohun líle náà. Ìwọ̀n gbogbo ojú rẹ̀ yóò jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí MASSPROP nítorí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àyè inú ohun líle àti ibi tí àárín ìwúwo rẹ̀ wà ni a ń wá lọ síbẹ̀. Nínú SolidWorks, abẹ́ Evaluate ni a ó ti rí Mass Properties tí ó ń kọ ìwọ̀n ojú sílẹ̀, a sì lè fi Measure wọn ojú kan ṣoṣo. Nínú Rhino, àṣẹ Area ni. Orúkọ àṣẹ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan náà ni: gbogbo ojú ni wọ́n ń kà bí a bá yan gbogbo ohun náà.

Ètò yòówù kí ẹ lò, ẹ dán an wò ní ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú òfin Archimedes. Ẹ ya bọ́ọ̀lù tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà kan, kí ẹ sì ya agolo tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Ìwọ̀n ojú bọ́ọ̀lù yóò jẹ́ 12.57, ti agolo yóò jẹ́ 18.85. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni. Bí iye tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ yẹ òṣùwọ̀n tí ètò náà ń lò wò. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ínṣì ni wọ́n tò ó sí.

Ìmọ̀ràn fún oníṣẹ́ àti oníbàárà

Ẹ̀yin oníṣẹ́, kí ẹ tó kọ iye owó sínú ìwé ìdíyelé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Ẹ kọ orúkọ àwọn ojú tí iṣẹ́ yóò kàn sílẹ̀: òde, inú, òkè, ìdí. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni kí ẹ wọ̀n.

2. Ẹ kọ òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye. Iye tí kò ní òṣùwọ̀n kò ní ìtumọ̀.

3. Ẹ fi bébà àti ẹ̀rọ ìṣirò yẹ iye náà wò. Bí ohun náà bá díjú, ẹ fi agolo tàbí àpótí tí ó súnmọ́ ọn ní títóbi rọ́pò rẹ̀. Bí ìdáhùn méjèèjì bá jìnnà sí ara wọn, ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú.

4. Ẹ fi ohun tí yóò ṣòfò kún un lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ gbangba. Ẹ má ṣe fi í pamọ́ sínú ìwọ̀n ojú.

Ẹ̀yin oníbàárà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi oníṣẹ́ tí ó bá mú iye wá láti inú kọ̀ǹpútà: Àwọn ojú wo ni ẹ kà? Òṣùwọ̀n wo ni ẹ lò? Ṣé a lè fi téèpù wọn ọ̀kan nínú wọn báyìí? Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Inú rẹ̀ yóò dùn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ni yóò dáàbò bo orúkọ rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá wá mú iye tí ó kéré jù tirẹ̀ wá.

Ìbéèrè wọ̀nyí kò mọ sórí ọ̀dà àti páànù. Ẹni tí ó ń fi iná mànàmáná da kúrómù bo irin ní láti mọ ìwọ̀n ojú irin náà, nítorí òun ni ó ń sọ bí iná tí yóò gba ibẹ̀ kọjá yóò ti pọ̀ tó. Bí iná náà bá pọ̀ jù, irin á jóná. Bí ó bá kéré jù, kúrómù kò ní nípọn tó. Ẹni tí ó ń rán ìbòrí àga tàbí ìbòrí ọkọ̀ náà nílò rẹ̀ kí ó tó gé awọ.

Kọ̀ǹpútà ti mú kí ìṣirò rọrùn fún gbogbo ènìyàn, ìrànlọ́wọ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í ni yóò dáhùn. Ẹ rìn yí ohun náà ká kí ẹ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí ojú tí iṣẹ́ yóò kàn, kí ẹ sì kà wọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.